Ìmọ́tótó mi ló pa ọmọ gúpì 33

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin gúpì, ẹja kékeré ọ̀ṣọ́, nínú àpótí gíláàsì bíi tèmi, bí ẹ bá ti fẹ́ gbé kànrìnkàn fíltà tó ń sẹ́ omi wọn lọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ dúró ná. Oṣù méjì ò tíì pé tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ara mi ò sì tíì balẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà ní Tanke, níhìn-ín ní Ìlọrin. Mẹ́ta péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀, akọ kan, abo méjì. Ìrù akọ yẹn dà bí àjákù àǹkárá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ìyá ọkọ mi wò wọ́n títí, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ṣeé dín ni?” Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé gúpì kì í yé ẹyin bíi ẹja àrọ̀, ọmọ tó ti lè lúwẹ̀ẹ́ ló ń bí, oyún rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọjọ́bọ̀ kan lálẹ́ ni ọmọ mi obìnrin figbe ta: “Mọ́mì, ojú ń rìn nínú omi!” Òótọ́ ló sọ, ojú lẹ máa kọ́kọ́ rí lára wọn. Ojú oró tí mo dà sójú omi ni wọ́n sá sí, torí ìyá tó bí wọn ti ń yípo padà láti gbé wọn mì. Mo mú àwọ̀n ìbòjú ìyàwó tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ oníbàárà, mo rán an, mo fi pín gíláàsì náà sí méjì. Mo ka ọmọ: 37.

Ẹyin sísè ni mò ń fún wọn, pupa rẹ̀ tí mo rún kúnná. Mò ń fún wọn jù. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ méjì sí Iléyá, omi ti dà bí omidùn, ó sì ti ń rùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: oníbàárà ń wọlé, oníbàárà ń jáde, gbogbo wọn ń wo gíláàsì ẹlẹ́gbin lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Ojú tì mí. Mo kó ẹja sínú ike, mo da gbogbo omi nù, mo fọ òkúta, mo fún kànrìnkàn fíltà lábẹ́ ẹ̀rọ títí ó fi funfun, mo pọn omi ẹ̀rọ tuntun kún un, mo dá ẹja padà. Gíláàsì ń dán bí ojú dígí. Mo tilẹ̀ yà á ní fọ́tò.

Mo padà sídìí ọrùn agbádá kan. Mi ò tíì rán an yí po tí mo gbójú sókè. Gbogbo ọmọ ẹja ti wà lójú omi, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó, wọ́n yí, wọ́n yí, wọ́n sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta. Akọ mi fara ti gíláàsì, ìrù tó máa ń tẹ́ rẹrẹ ti ká jọ bí agboòrùn tí wọ́n pa dé. Mo ń fi eyín já ọ̀rá omi, mò ń dà á sí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Àǹtí, aṣọ mi ńkọ́?” Mi ò lè dáhùn. Ọmọ mi ní, “Ṣé wọ́n ń sùn ni?”

Ṣíbí ni mo fi ṣà wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju irun ìpéǹpéjú lọ. 33. Akọ kú, abo kan kú. Àjákù léèsì funfun ni ọmọ mi fi dì wọ́n.

Ọmọ mẹ́rin àti abo kan ló kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ abo yẹn bí 19, láìsí akọ kankan nínú omi. Abo gúpì máa ń tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Mo sunkún o.

Ohun tí mo kọ́ rèé. Klórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ, ó ń jó ìjàgbọ̀n ẹja, ibi tí wọ́n fi ń mí. Ẹ pọn omi sínú garawa, ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má pààrọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Kànrìnkàn yẹn ńkọ́? Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò lè pa wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Omi gíláàsì náà tí ẹ fà jáde ni kí ẹ fi ṣàn án, kó má funfun. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò bèèrè. Ẹni tó ta ẹja fún mi ní kí omi ṣáà ti mọ́. Ó mọ́ náà.

Oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Akọ kan sí abo méjì tàbí mẹ́ta, kó má baà lé wọn pa. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ yí gíláàsì ká lálẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí fíltà dákẹ́, ẹ má bẹ̀rù jù, bí wọn ò bá ti pọ̀ jù nínú omi. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Garawa mi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù báyìí, mo kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Oníbàárà kan fi ṣàlùwàlá lánàá. Mo dà á nù, mo pọn òmíràn.