Ẹ Má Fọwọ́ Kan Python Tí Ẹ̀rọ Fi Ń Jẹun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ kóòdù, ohun tó kọ́kọ́ nà mí lẹ́gba nìyí. Ubuntu 20.04, ẹ̀dà Linux kan, ni mo ń lò nígbà náà, Python 3.8, èdè tí mo fi ń kọ kóòdù, ló sì bá a wá. Mo gbọ́ pé "match", ọ̀nà tuntun láti yan ohun tí kóòdù á ṣe, ti dé sínú 3.10, ojú sì ń kán mi. Mo fi 3.10 sórí ẹ̀rọ, mo ní kí /usr/bin/python3 máa tọ́ka sí i. Inú mi dùn dẹ́yìn. Nígbà tí mo tún fẹ́ ṣí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kò ṣí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣe bí ẹni pé kò rí mi.

Mi ò mọ̀ pé Ubuntu fúnra rẹ̀ fi Python kọ díẹ̀ lára irinṣẹ́ rẹ̀. Fáìlì Python kékeré kan ló ń ṣí terminal ní 20.04, "gi", láíbìrì (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún wa) tí fáìlì náà ń pè, 3.8 ni wọ́n pèsè rẹ̀ fún. Ctrl+Alt+F3 ni mo fi bọ́ sójú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ láìsí fèrèsé, mo dá python3 padà sí 3.8, ara wá tù mí. Láti ọjọ́ náà, Python ẹ̀rọ kì í ṣe tèmi mọ́. Pyenv, irinṣẹ́ kan, ló ń bá mi kó ẹ̀dà Python tí mo bá fẹ́ wá, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní venv tirẹ̀, ìyẹn àpò tó ya láíbìrì rẹ̀ sọ́tọ̀. Tí ọ̀kan bá dàrú, màá pa á rẹ́, màá ṣe òmíràn.

Èwo lẹ ó wá mú? Oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde báyìí, ọdún márùn-ún sì ni wọ́n fi ń tún ihò ààbò rẹ̀ dí. Fún iṣẹ́ oníbàárà, èyí tó ṣáájú tuntun yẹn ni mo máa ń mú, torí àwọn láíbìrì á ti bá a. Àwọn kan ní ojo ni mí. Mo gbà.

Ẹ má ka ìkìlọ̀ sí ariwo. Láti 3.3, ní 2012, ni wọ́n ti sọ pé inú collections.abc ni ká ti máa mú Mapping (irinṣẹ́ kan tó bá Python wá), ká yé mú un láti inú collections. Ó di 3.10, ní 2021, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Síbẹ̀ iṣẹ́ mi kú lọ́jọ́ tí mo gbé e sókè sí 3.10. Kóòdù tèmi kọ́ ló pa á o, láíbìrì àtijọ́ kan tí mi ò tiẹ̀ rántí pé mo ń lò ni. Ní báyìí, kí n tó kúrò lórí ẹ̀dà àtijọ́, màá kọ́kọ́ fi "python -W error" dán gbogbo ẹ̀ wò níbẹ̀, kí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan di àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti fáìlì YAML (irú fáìlì tí a fi ń kọ ètò sílẹ̀) tó ń darí ìdánwò wa. Mo kọ python-version: 3.10 síbẹ̀, ẹ̀rọ bá ní òun ń wá 3.1, ẹ̀dà ọdún 2009! Nọ́ńbà ni YAML kà á sí, òdo ìparí bá já bọ́. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ń wò ó. Àmì àyọlò lásán, "3.10", ló kù. Mo ṣì ń rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá.