Ẹ Bá Mi Bẹ Pírìǹtà

Ẹ bá mi bẹ pírìǹtà ilé wa o. Ohun tí mo fojú ẹ̀ rí lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó bá jẹ́ èèyàn ni, á ti kẹ́rù ẹ̀ jáde.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni injinníà ẹgbẹ́ orin wa. Ẹ má bi mí ta ló fi mí jẹ ẹ́. Wọ́n ní ká máa ṣe rìháásà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí kálukú jókòó sílé ẹ̀, àwọn áàpù tí wọ́n fi ń ṣèpàdé ò sì ṣeé lò, torí tí wọ́n bá ti gbọ́ ìlù, wọ́n á ní ariwo ni, wọ́n á gé e dànù, àwọn nìkan ni mo tíì rí tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún onílùu wa. La bá ní Jamulus la máa lò, ọ̀fẹ́ ni, torí irú ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ohùn gbogbo wa á ti pàdé, èyí tèèyàn lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ nílẹ̀ bíi rẹ́rẹ, mo ní rárá o, a gbọ́dọ̀ ní tiwa, inú ilé mi ni màá gbé e sí. Ẹnu mi yìí.

Mo wọ inú ráútà, 192.168.1.1 yẹn, páswọ̀ọ̀dù tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ wínníwínní. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó rí i kà. Mo ṣí pọ́ọ̀tù 22124, ìyẹn ilẹ̀kùn tí Jamulus ń gbà wọlé, mo ní ohunkóhun tó bá gbabẹ̀ wọlé, kó máa darí ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà mi, tí àdírẹ́sì ẹ̀ jẹ́ 192.168.1.14. Mo wá dán an wò. Lórí kọ̀ǹpútà yẹn náà! Mo ta gìtá, ohùn dé wéré, ping, ìyẹn àkókò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀, 0, mo sáré kọ ọ́ sí gúrúùpù pé "ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn ò tiẹ̀ pẹ́ rárá, iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé." Báwo ló ṣe máa pẹ́? Èmi àtèmi náà la jọ ń ṣeré.

Sátidé pé, wọ́n ní àwọn ò rí ọ̀nà wọlé. Mo ní network yín ni. Sístà tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fọhùn, mo ní kó lọ wá íńtánẹ́ẹ̀tì gidi rà. Mo tún padà sínú ráútà, mo rí i pé nínú ọ̀nà méjì tí nǹkan lè gbà rìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, TCP ni mo mú, UDP sì ni Jamulus ń lò, torí TCP, tí nǹkan bá sọnù lọ́nà, ó di dandan kó padà lọ mú un wá, UDP ò ráyè ìyẹn, èyí tó sọnù ti lọ nìyẹn, orin ń bá tiẹ̀ lọ. Mo yí i padà. Mo wá pa ráútà, mo tún un tàn, torí ohun tí injinníà ń ṣe nìyẹn tọ́rọ̀ bá ti lé e.

Pípa tí mo pa á yẹn ló wá dáràn sí i. Mi ò sọ fún ráútà pé kó fi 14 pa mọ́ de kọ̀ǹpútà mi. Bó ṣe tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì fẹ́ni tó bá kọ́kọ́ dé, pírìǹtà ló jí ṣáájú, ó gbé 14. Kọ̀ǹpútà mi tí mo fi ń yangàn gba 17.

Ni ẹgbẹ́ orin bá ń kanlẹ̀kùn pírìǹtà. Pírìǹtà tí bébà máa ń há lọ́fun, tí íǹkì ẹ̀ kì í pé, tó jẹ́ pé àdúrà lèèyàn máa ń gbà kó tó tẹ lẹ́tà ojú ewé kan, òun la ní kó wá gbọ́ orin wa. Ó dákẹ́ ni. Èmi jókòó tì í, mo gbé gìtá kọ́rùn, mo ń bú network oní-network.

Àbúrò mi obìnrin ló wọlé wá tẹ iṣẹ́ ẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni pírìǹtà ń ṣe níbí?" Mo wò ó. 14, orúkọ pírìǹtà gbàgede, ojú ewé tó ti wà ní ṣíṣí níwájú mi látàárọ̀. Mo ní, "Mo mọ̀, nǹkan kan ni mo ń dán wò." Ó wò mí, ó wo gìtá, ó kó bébà ẹ̀, ó jáde. Mo gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti pálọ̀.

Mo de 14 mọ́ kọ̀ǹpútà mi, gbogbo wọn sì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbọ́, kò tán. A bẹ̀rẹ̀ orin, ìlù ń bọ̀ lẹ́yìn. A dúró, a tún bẹ̀rẹ̀, ìlù ṣì ń bọ̀. Onílù ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún ráútà yín ṣe, iná tèmi ń tàn ní gíríìnì." Lóòótọ́ ni, gíríìnì ni, ohun tí Jamulus fi ń sọ pé ohùn ò pẹ́ lọ́nà. Mo ti fẹ́ tún pa ráútà, Ọlọ́run ló gbà mí, onílù bá ní, "Ẹ dúró ná, íàpíìsì mi fẹ́ kú, ẹ jẹ́ n fi sójú iná."

Íàpíìsì wo ló ń kú? Èyí tó ní wáyà kì í kú! Bluetooth lọ̀gá ń lò láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ Bluetooth lè fi ohùn pamọ́ tó mílísẹ́kọ́ǹdì 200 kó tó gbé e jáde, iná Jamulus ò sì lè rí ìyẹn. Láàrín mílísẹ́kọ́ǹdì 200, ohùn á ti rìn tó nǹkan bíi mítà 68 nínú afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni pé ọ̀hún ló dúró sí tó ń lùlù fún wa, ó wá ń bá ráútà mi jà!

Mo ní kó wá oníwáyà. Ó ní òun ò ní. Ó ní ṣebí kí gbogbo wa kúkú máa dúró de òun díẹ̀díẹ̀.

Sístà tí kì í fọhùn ló dá a lóhùn: "A ti ń dúró dè yín kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀rọ̀ wa."