Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ọ̀wọ́ ìgbì òkun: kí ẹ tó sọ pé agbára sọnù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìgbì òkun, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin: kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára ìgbì ti sọnù, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ó yà sí.

Orí ìgbì ni ojú máa ń rí, òun náà ni ojú sì máa ń bá lọ. Ṣùgbọ́n nínú omi jíjìn, ìdajì ìyára orí ìgbì ni ọ̀wọ́ ìgbì (àwọn ìgbì tí wọ́n jọ ń rìn pọ̀ bí agbo kan) fi ń rìn, ọ̀wọ́ yìí gan-an ni ó sì ru agbára. Bí ẹ bá dúró ti ọpọ́n omi gígùn tí a fi ń dá ìgbì, ẹ ó rí i pé ìgbì kan á yọ láti ẹ̀yìn ọ̀wọ́, á máa ga bí ó ṣe ń dé àárín, á sì rọlẹ̀ níwájú títí a kò fi ní rí i mọ́. Kò sí ohun tí ó sọnù níbẹ̀. Ìyára ọ̀wọ́ ni kí ẹ máa fi to àkọsílẹ̀ àwọn ohun èlò tí ń wọn gíga omi mọ́ra.

Nígbà tí gíga ìgbì bá pọ̀ ní ìfiwéra pẹ̀lú gígùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. George Stokes, onímọ̀ ìṣirò àti físíìsì, ti fi hàn ní 1847 pé ìgbì tí ó ga máa ń yára díẹ̀ ju èyí tí kò ga lọ, bí gígùn wọn tilẹ̀ dọ́gba. Láti ara ìyàtọ̀ díẹ̀ yìí ni àwọn olùwádìí méjì, Benjamin àti Feir, ti ṣàlàyé ní 1967 pé ìgbì tí ó tò dọ́gbadọ́gba lójú omi jíjìn kò lè dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́: agbára á ti ara ìgbì àkọ́kọ́ bọ́ sí ara àwọn méjì tí sáà wọn (àkókò tí ó wà láàárín orí ìgbì kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e) sún mọ́ tirẹ̀, ọ̀kan gùn díẹ̀, èkejì kúrú díẹ̀. Ó dà bí àjọ: owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á kó sọ́wọ́ ẹnì kan, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i.

Ìyípadà yìí lọ́ra gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹ mú ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, tí gíga rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ó gbọ́dọ̀ rìn ju mítà 40 lọ kí gíga àwọn ìgbì kékeré méjì tí ń gba agbára rẹ̀ tó di ìlọ́po 2.7. Ọpọ́n kúkúrú kò lè fi í hàn yín, ẹ má sì torí bẹ́ẹ̀ sọ pé kò sí.

Lake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 1977 pé agbára tí ó ti pín káàkiri tún lè padà sí ibi tí ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá fọ́, apá kan di ìrugùdù omi àti ooru, ìgbì tí sáà rẹ̀ gùn sì lè máa di agbára tí ó kù mú, kí ó má sì padà mọ́. Nítorí náà, àpapọ̀ agbára gbogbo sáà ni kí ẹ ṣírò. Bí agbára sáà àkọ́kọ́ bá dín kù tí àpapọ̀ kò yẹ̀, pàṣípààrọ̀ ni. Bí àpapọ̀ bá dín kù, ẹ wo fífọ́ ìgbì àti ìfararora omi mọ́ ògiri ọpọ́n.

Ẹ má sì gbé èsì ọpọ́n tóóró lọ sójú òkun láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Draupner, tí wọ́n wọ̀n ní Òkun Àríwá lápá Norway ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1995, ga ní mítà 25.6, nígbà tí ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbì tí ó ga jù láyìíká rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 12. Àwọn olùwádìí tí wọ́n tún un dá ní ìwọ̀n kékeré nínú ọpọ́n róbótó kan ní Edinburgh, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 2019, rí i pé ìgbì tí ó ti ìhà kan ṣoṣo wá ń fọ́ kí ó tó ga tó bẹ́ẹ̀; àfi ìgbà tí ọ̀wọ́ méjì pàdé ní igun ńlá, bíi dígírì 120, ni ó tó ga bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gba àkọsílẹ̀ láti ojú òkun, ẹ béèrè ìhà tí ìgbì ti wá pẹ̀lú gíga rẹ̀, nítorí láìsí i, ẹ kò lè mọ̀ bóyá inú ọ̀wọ́ kan ni agbára ti kó jọ tàbí ọ̀wọ́ méjì ni ó pàdé.