Irin Kì Í Jẹrà, Erìgì Tó Yí I Ká Ni

Okun o, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín, tí iṣẹ́ gbé wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀, torí pé èmi kò tètè mọ̀ ọ́n, ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ eyín tí wọ́n rì mọ́ egungun ni, èyí tí à ń pè ní implant.

Ẹ má rò pé irú eyín bẹ́ẹ̀ kò lè dé Kabba tàbí Ìsánlú. Ọmọ á gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Àbújá, wọ́n á ṣe é fún un níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ti ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó tó fẹ̀yìn tì wálé. Dókítà tó fi eyín náà sí i ti jìnnà. Ẹ̀yin lẹ wà nítòsí.

Bàbá kan láti apá Ìjùmú ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé tirẹ̀ wá bá mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde tí òun bá ń fọ ẹnu. Mo họ ẹ̀gbin ara gbogbo eyín rẹ̀ dáadáa, mo sì fo ti irin náà. Ẹ̀rù ló bà mí. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, mi ò fẹ́ bà á jẹ́, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé irin kì í kúkú jẹrà. A fún bàbá ní oògùn apakòkòrò. Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú àwa méjèèjì dùn.

Ó lé ní ọdún kan kí bàbá tó padà wá. Kò dùn ún rárá. Ibi tí àìsàn yìí ti burú nìyẹn, kì í sábà dunni. Mo fi ìka tẹ erìgì náà, ọyún tú jáde. A ya x-ray. Bí skúrúù ni implant rí, ó sì yẹ kí egungun àgbọ̀n bo àwọn ìlà ara rẹ̀. Mo ka ìlà mẹ́rin tí egungun ti sá kúrò lára wọn. Àbújá la dá bàbá padà sí fún iṣẹ́ abẹ. Mo ṣì máa ń rántí fọ́tò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Eyín tí a bí mọ́ wa ní àwọn fọ́nrán tó ti inú erìgì wọnú gbòǹgbò rẹ̀, tó dì í mú gírígírí. Lára titanium, irin tí wọ́n fi ṣe implant, àwọn fọ́nrán náà kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni, wọn kò wọnú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brånemark ará Sweden, tó fi irú eyín yìí sẹ́nu èèyàn ní 1965, fi hàn wá pé egungun lè dì mọ́ titanium. Ti egungun nìyẹn, erìgì kò lè dì í mú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí kòkòrò bá kó jọ sí etí erìgì ibẹ̀, ọ̀nà ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdènà. Bí wíwú náà bá ṣì wà lára erìgì nìkan, ó lè sàn pátápátá. Bó bá ti dé egungun, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ẹ ò rí i, ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ irin yẹn dà bí nǹkan yíyọ̀ tó ń bo òkúta odò. Bí omi ti ń ṣàn lórí rẹ̀ tó, kì í lọ, àfi kéèyàn họ ọ́. Ìdí tí oògùn apakòkòrò kò fi lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa nìyẹn. Omi chlorhexidine tí wọ́n fi ń yọ ẹnu lè ranni lọ́wọ́ díẹ̀, kò lè rọ́pò ọwọ́ yín.

Ẹ má fi irinṣẹ́ irin líle tí ẹ fi ń họ eyín yòókù kan implant. Titanium rọ̀ jù ú lọ, irinṣẹ́ náà á ha á, ojú ibi tó bá ha ni kòkòrò á sì kọ́lé sí. Èyí tí wọ́n fi titanium ṣe ni kí ẹ lò, tàbí ti ike líle. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ lẹ́búlẹ́bú glycine pẹ̀lú omi, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ kò ní in fi aláìsàn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn bí àlàfo etí erìgì náà ti jìn tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ìtẹ̀sí ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 25 lọ. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, orí òṣùwọ̀n kékeré ni mo ti ń jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ wọn á fi mọ̀ ọ́n.

Ìyá kan ní Ìyàrá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jẹ́ kí n rí i pé ó ṣeé ṣe. Orín àtá ni ìyá máa ń run ní gbogbo òwúrọ̀, àwọn eyín rẹ̀ yòókù mọ́ tónítóní. Mo béèrè bó ṣe ń tọ́jú èyí tí wọ́n rì. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé irin náà ń fẹ́ orín ni?" Mo fi ọ̀pá ìwọ̀n kan etí erìgì náà fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó sì to bí ìlẹ̀kẹ̀ yí eyín ká. Nígbà tí mo họ abẹ́ rẹ̀, hóró sìmẹ́ńtì funfun kan jáde, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Látìgbà tí wọ́n ti fi lẹ orí eyín náà ló ti há síbẹ̀ tí ẹ̀gbin ń kó jọ lé e. X-ray fi hàn pé egungun ìyá ṣì pé. Mo ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò, nítorí pé àtọ̀gbẹ máa ń mú kí erìgì burú sí i. Kò ní in.

Mi ò ní kó jáwọ́ nínú orín, orín kàn lè má dé abẹ́ eyín yẹn ni. Mo gbé dígí fún un, mo fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ àárín eyín, mo sì dúró títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ ní ojú kan. Ẹ má jẹ́ kí irú rẹ̀ dẹ́rù bà yín kí ẹ wá sáré kọ oògùn, ó sábà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A tún un fọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo yí ọ̀pá náà ká gbogbo rẹ̀, ó jáde láìní ẹ̀jẹ̀.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo fún ìyá báyìí. Bí ìgbà kajú bá dé, tí gbogbo ilé kọrí sí oko, ọmọ rẹ̀ ni mo máa ń pè lórí fóònù kó lè gbé e wá.