Láti Glasgow lọ sí Barra: Twin Otter, iyanrìn àti omi iyọ̀

Bí ẹ bá ń bá ẹni tó ti wa Twin Otter, bàálù kékeré oníẹ́ńjìnnì méjì, rí sọ̀rọ̀, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ti dé ibi tí ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọwọ́ yẹn á gòkè kọjá orí rẹ̀, á di ohun tí kò sí níbẹ̀ mú. Àjà ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí wà, láàárín awakọ̀ méjèèjì: méjì lápá òsì fún agbára, méjì láàárín fún abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, méjì lápá ọ̀tún fún epo. Ọwọ́ tó bá ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kì í gbàgbé mọ́.

Ní Skọ́tlándì, owó tíkẹ́ẹ̀tì lásán lè jẹ́ kí ẹ rí ọwọ́ yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Láti Glasgow sí erékùṣù Barra, ìrìn tó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, Twin Otter oníjókòó 19 ló ń ná ọ̀nà náà, etíkun Tràigh Mhòr ló sì ń balẹ̀ sí, lórí iyanrìn tí omi òkun ń bò mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ibòmíràn láyé tí bàálù elérò tó ní àkókò ìrìn tó ṣe gúnmọ́ ti ń balẹ̀ sí etíkun bẹ́ẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ jókòó níwájú. Apá òsì ni ìjókòó ẹlẹ́nìkan, apá ọ̀tún ni ti ẹlẹ́ni méjì. Ẹni tó bá wà níwájú á rí gbogbo ohun tí awakọ̀ ń ṣe, á rí ojú mítà, á sì rí iyanrìn náà bó ṣe ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an nìyẹn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tí yóò pín tíì, awakọ̀ kejì fúnra rẹ̀ ni yóò yíjú padà sọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì àti ìlẹ̀kùn pàjáwìrì fún yín. Ẹ mú ohun ìdí etí dání. Ariwo abẹ̀bẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ìgbà tó dínkù tí ẹ ó fi lè tàkúrọ̀sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn èrò á dé pẹ̀lú báàgì tó wúwo, wọ́n á gbọ́ pé ó di ọkọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ní wọ́n fi ìyà jẹ àwọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó wà lẹ́nu káńtà kì í ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ìṣirò náà kò le. Twin Otter Series 300, irú ti àtijọ́, kò gbọdọ̀ wúwo ju 5,670 kìlógírámù lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ká ní ọkọ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìjókòó jẹ́ bíi 3,400. Awakọ̀ méjì, bíi 165. Epo tó bá kún táńkì méjèèjì lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lé díẹ̀ ní 1,130. Ohun tó kù kò tó 1,000. Bí èèyàn kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 80, èèyàn 12 ló tán an, báàgì kankan kò tíì wọlé. Ìjókòó 19 àti táńkì tó kún kò lè pàdé nínú ọkọ̀ yìí láéláé.

Ẹ wá wo Barra. Kùrukùru lè bo etíkun, omi sì lè tètè padà, nítorí náà awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbé epo tí yóò gbé e lọ, tí yóò gbé e dé pápá mìíràn, tí díẹ̀ yóò sì kù sílẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ṣe ń burú sí i ni epo ń pọ̀ sí i, báàgì ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ di ẹrù sínú báàgì rírọ̀ kékeré méjì dípò ńlá kan, kí èyí tó ṣe pàtàkì lè wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dìde láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn ni àtẹ̀gùn ìlẹ̀kùn èrò wà, ẹ̀yìn náà ni yàrá ẹrù tó tóbi jù wà, ìwúwo tó bá sì pọ̀ jù lẹ́yìn á mú kí imú ọkọ̀ máa wá òkè, awakọ̀ á sì máa bá a jà.

Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ lajú jù. Ní ayé Series 300, tó ń lo ẹ́ńjìnnì PT6A-27, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ awakọ̀ àti lójú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo agbára bátìrì. Ó tẹ súìṣì stáátà, mítà tí wọ́n ń pè ní Ng, tó ń sọ eré tí inú ẹ́ńjìnnì ń sá, bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó kéré tán kí ó dé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kó tó ti ọ̀pá epo síwájú. Iná gbọ́dọ̀ ràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ T5 nìkan ni ojú ń wò, òun ló ń sọ bí èéfín inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó máa ń fò sókè bí ẹni pé kò ní dúró, lẹ́yìn náà á rọ̀ wálẹ̀ bí Ng ti ń gòkè. Nígbà títàn, 1,090 °C fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ni òpin. Nígbà iṣẹ́, 725 ni.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ nìyí. Bátìrì tó ti rẹ̀, pàápàá láàárọ̀ òtútù, kò ní lè yí inú ẹ́ńjìnnì dé 12. Á dé 9, á dúró síbẹ̀. Awakọ̀ tó ń kánjú á ti ọ̀pá epo síwájú bẹ́ẹ̀. Epo wọlé, iná ràn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí yóò gbé ooru náà jáde kò tó. T5 á máa lọ láìdúró, irin tó ń yí nínú iná náà á sì máa jóná. Ohun tó kù ni kí ó dá epo dúró kíá, kí ó jẹ́ kí stáátà máa yí lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gbá ooru jáde. Stáátà náà ní òfin tirẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 25, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, 25, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, 25 ẹ̀ẹ̀kẹta, ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ tí kò tètè tàn, tí ẹ rí awakọ̀ tó káwọ́ gbera tó ń wo aago, ẹ má fọwọ́ gbá ìjókòó. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ ó rí i pẹ̀lú pé abẹ̀bẹ̀ kì í tètè yí. Stáátà kò so mọ́ ọn. Inú PT6, ìdá kan ń ṣe afẹ́fẹ́ gbígbóná, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń yí ìdá kejì tí abẹ̀bẹ̀ so mọ́, bí ìgbà tí ẹ bá tan fáànù kan tí atẹ́gùn rẹ̀ ń yí fáànù kejì tí kò ní iná. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní pípa, abẹ̀bẹ̀ máa ń fi etí rẹ̀ kọ iwájú bí ọ̀bẹ, ipò tí awakọ̀ ń pè ní feather, nítorí pé síprín ló fà á síbẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń tì í padà. Ẹ tẹ́tí: á kọ́kọ́ yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pariwo, lẹ́yìn náà ọ́ìlì á dé, abẹ̀bẹ̀ á lanu, ohùn rẹ̀ á yí padà, ara ọkọ̀ á gbọ̀n.

Ojú ọ̀run kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ yìí kì í há afẹ́fẹ́ mọ́ inú, nítorí náà kì í lọ sókè jù, òkè àti erékùṣù wà lábẹ́ yín bí àwòrán. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, á gbọ̀n yín dáadáa. Ẹ jẹun fẹ́ẹ́rẹ́.

Barra kò ní àkókò kan tó dúró sójú kan, nítorí òkun ló ni etíkun náà. Omi ń fi bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú lójoojúmọ́, àkókò bàálù sì ń sún tẹ̀lé e. Ẹni tó bá wo àkókò ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ti ra ìdààmú. Ẹ sun Glasgow mọ́jú. Ọ̀nà ìbalẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí iyanrìn náà, wọ́n kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí awakọ̀ lè yan èyí tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, òpó igi ló sì ń fi ìpẹ̀kun wọn hàn. Àwọn ará erékùṣù ń wá ẹran inú ìkarahun lórí iyanrìn kan náà. Bí àpò afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ lórí òpó, pápá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, kí gbogbo ẹsẹ̀ kúrò.

Ẹ wo ọwọ́ òkè yẹn báyìí. Flap, pátákó tó wà lẹ́yìn apá ọkọ̀, á wálẹ̀ dé ìwọ̀n 37.5, ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé ó dúró sójú kan, eré nǹkan bíi knot 75, ìyẹn bíi kìlómítà 140 ní wákàtí kan. Awakọ̀ á ti ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ síwájú tán. Bó bá gbàgbé, iná kan tí wọ́n kọ RESET PROPS sí á tàn níwájú rẹ̀. Ohun mìíràn tí àwọn àgbà awakọ̀ kì í yé tẹnu mọ́ ni ọ̀pá kékeré tó wà lára ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ọ̀gá awakọ̀, tó ń darí táyà iwájú. Ó gbọ́dọ̀ bá àmì àárín mu kí táyà tó kanlẹ̀. Bó bá yà díẹ̀, táyà iwájú á kanlẹ̀ ní wíwọ́, ọkọ̀ á sì fẹ́ sá kúrò lọ́nà. Lórí iyanrìn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi díẹ̀díẹ̀ tó kù sílẹ̀ lórí iyanrìn máa ń dán bíi dígí, ojú kì í mọ bó ṣe jìn tó, bẹ́ẹ̀ táyà tó bá wọ inú rẹ̀ á rí ìdènà lójijì. Nítorí náà, táyà ẹ̀yìn á kọ́kọ́ kàn, awakọ̀ á gbé imú dúró díẹ̀, á wá sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá fẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ fà á sẹ́yìn, yóò lọ́ orí ọ̀pá agbára náà bí ẹni lọ́ ọwọ́ alùpùpù kó tó fà á kọjá ibi ìsinmi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀ kì í fà á títí ọkọ̀ fi dúró. Bí ìyára bá ti lọ sílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ síwájú á gbé iyanrìn àti omi iyọ̀ dìde, á tún gbé e mì. Ibi tí etí abẹ̀bẹ̀ ti ń jẹ tán nìyẹn.

Bí etíkun bá kọ̀ yín, pápá ọkọ̀ òfuurufú ní erékùṣù Benbecula ni wọ́n sábà máa ń yà sí. Ẹ má jókòó sunkún níbẹ̀. Ọ̀nà wà lórí ilẹ̀ gba South Uist dé Eriskay, ọkọ̀ ojú omi láti Eriskay sí Barra kò ju bíi ogójì ìṣẹ́jú lọ, ibi tó sì ń gúnlẹ̀ sí kò jìnnà sí pápá iyanrìn náà.

Tuntun ni Twin Otter tó ń ná ọ̀nà náà báyìí, Series 400, ojú kọ̀ǹpútà ló gba ipò ọ̀pọ̀ mítà alábẹ́rẹ́. Ọ̀pá ṣì wà lókè. Iyọ̀ náà kò yí padà. Ó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó ń lẹ̀ mọ́ irin tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ á dínkù, ẹ́ńjìnnì á wá nílò ooru púpọ̀ sí i kó tó lè ṣe iṣẹ́ àná. Awakọ̀ tó bá ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ á rí i: torque, ìyẹn agbára tó ń yí abẹ̀bẹ̀, kan náà, T5 ti gòkè. Ìlànà fún ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun ni kí wọ́n fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù. Stáátà á yí i láìsí epo láìsí iná, wọ́n á fún omi mímọ́ sí i lẹ́nu, omi oníyọ̀ á ṣàn jáde. Wọ́n á fi omi fọ ara ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá inú kọ̀rọ̀ tí iyanrìn ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, lókè, awakọ̀ á tún gbé torque sí ibi kan náà, á sì wo bóyá T5 ti padà wálẹ̀.