Ohun tí ọrùn mi kọ́ mi nípa okùn kámẹ́rà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wá kámẹ́rà onífíìmù kiri Adó-Èkìtì báyìí, mo ń rí yín. Ẹ ti tú àpótí bàbá yín, ẹ ti bá Canon AE-1 tàbí Pentax K1000 níbẹ̀, ẹ ti fowó gidi ra fíìmù sí i. Lẹ́ńsì wo ló dáa, fíìmù wo ló dáa, ẹ ti bi mí tán. Kò tíì sí ẹni tó bi mí léèrè okùn. Èyí tí ẹ bá bá lára rẹ̀ ni ẹ ń gbé kọ́rùn, tàbí kí ẹ lọ ra èyí tó wu ojú. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, kámẹ́rà méjì ni ọ̀gá mi ní: Yashica Mat-124G alójú méjì (lẹ́ńsì méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì) tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, àti AE-1 kan tó máa ń gbé fún àwa ọmọ iṣẹ́. Okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára AE-1 yẹn, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, ó sì ti gbó. Ó wù mí púpọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí n dà bí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

A lọ ìsìnkú ìyá àgbà kan n'Ìkẹ́rẹ́. Láti aago méje àárọ̀ ni kámẹ́rà ti wà lọ́rùn mi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀yìn ọrùn mi ti pọ́n, ó ń ta mí bí ẹni fi ata kùn ún. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé okùn láti ọrùn bọ́ sí èjìká ọ̀tún, láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. N kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé e bẹ́ẹ̀, ibì kan náà ni awọ yẹn ń ṣẹ́ po sí: ìdí rẹ̀, níbi tó ti wọ inú òrùka ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Àwọn ọmọ olóòkú ń jó wọlé lọ́wọ́, mo gbọ́ “pà!” Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló jẹ́ kí ìgò bọ́. AE-1 ni, lórí sìmẹ́ńtì. Kámẹ́rà yẹn kì í sì ṣe irin látòkè délẹ̀ bó ṣe ń dán yẹn. Ike ni òkè rẹ̀, wọ́n kàn fi nǹkan bò ó kó lè jọ irin. Ó sán láti igun kan dé ibi tí wọ́n ti ń fa fíìmù.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó gba awọ tó já lọ́wọ́ mi, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò títí, ó wá fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù. Ó ní, “Àárín lò ń wò. Etí ló já.”

Láti ọjọ́ yẹn, etí ni mo ń kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ awọ, ẹ ṣẹ́ ẹ po níbi tó ti wọ òrùka. Bí ẹ bá rí ilà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, bíi gìgísẹ̀ tó là nígbà ọyẹ́, ẹ má gbé nǹkan kọ́ ọ mọ́, àárín rẹ̀ ì báà máa dán bí ẹyin. Ẹ wo òrùka náà, irú ti kọ́kọ́rọ́ yẹn. Èyí tí èékánná lásán bá lè ya, ó ti rọ̀ jù. Kí awọ pẹlẹbẹ kékeré sì wà lẹ́yìn òrùka, kó má baà máa ha ara kámẹ́rà. Àwọn kámẹ́rà kan tiẹ̀ wà tí wọn kò ní ibi tí a ń fi òrùka okùn kọ́ rárá. Zenit-E ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ara àpò awọ rẹ̀ ni okùn wà. Ẹni tó bá rí i he, kó rí i pé àpò náà bá a wá, kó sì wo ìránṣọ àpò náà dáadáa, torí òun ló ń gbé gbogbo ẹrù.

Tó bá jẹ́ okùn náílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tó ní ìdè ike ni, bí ẹ ṣe ki í bọ ìdè ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Ẹ ti ìrù rẹ̀ bọ inú òrùka, ẹ dá a padà, ẹ tì í gba inú ìdè, kí ẹ wá rọ èyí tó ṣẹ́kù sí abẹ́, sáàárín okùn àti okùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jẹ́ kí ìrù yẹn wà níta nítorí pé ó yá láti ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà níta a máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́, bí ẹrù ṣe ń fà á ni ìdè ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Tí ẹ bá parí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á gidigidi, kí kámẹ́rà wà lórí ibùsùn nígbà tí ẹ bá ń fà á.

Ó wá ku ọrùn. AE-1, tó jáde ní 1976, jẹ́ gíráàmù 590 láìsí lẹ́ńsì. Tí ẹ bá fi lẹ́ńsì 50mm sí i, ẹ ti ń sún mọ́ 800. Yashica ọ̀gá mi lé díẹ̀ ní kílò kan. Kò wúwo lọ́wọ́. Lórí okùn tó fẹ̀ tó ìka kan, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó wúwo. Àwọn ìyá wa ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ ìdí tí òṣùká fi ń wà lábẹ́ ẹrù. Fún kámẹ́rà tó tó báyẹn, n kì í lo okùn tí kò bá fẹ̀ tó ìka méjì níbi tó ti kan ara.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fífẹ̀ nìkan. Ẹ wo abiyamọ tó ń lọ sí Ọjà Ọba. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo ju kámẹ́rà mẹ́wàá lọ, ẹ ò sì ní rí i kó máa fọwọ́ ra ọrùn. Ọ̀já fẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ó tún fún ọmọ mọ́ ara, ọmọ kì í fì. Kámẹ́rà tó bá ń fì ló ń pa ọrùn. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn àwọn okùn onífóòmù tó ń fà bíi rọ́bà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń tu èèyàn lára. Ẹ gbé e rìn láti Ajílósùn dé ààfin Èwì, kámẹ́rà á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lára yín bíi bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbé okùn kọ́ gba àyà kọjá, láti èjìká kan sí ìbàdí kejì, kí kámẹ́rà jókòó sókè ìbàdí díẹ̀, kó má dé itan. Kó gùn tó pé tí ẹ bá gbé kámẹ́rà sójú, okùn ò ní fà yín ní èjìká. Fún àwa obìnrin, ọ̀rọ̀ gèlè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wé gèlè tán kó tó rántí okùn yóò mọ ìwúlò okùn tó ṣeé tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kámẹ́rà alójú méjì yàtọ̀. Ọrùn náà ni ti tirẹ̀, nítorí pé òkè ni ẹ ti ń wo inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn kúrú débi pé, tí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì ti kámẹ́rà sílẹ̀ díẹ̀, okùn á le gan-an. Ọrùn àti ọwọ́ méjèèjì ló jọ dì í mú nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe máa ń ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀, tí kámẹ́rà á la ojú fún ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, láìlo iná kámẹ́rà, tí àwòrán ò sì ní ṣe bàìbàì.

Awọ tó dáa dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ fi àǹkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún kí ẹ tó sanwó. Mo ti fi okùn awọ olówó pọ́ọ́kú kọ́ sórí léèsì funfun rí. Òógùn bá aró pàdé, ilà pupa rúsúrúsú gba ara mi láti èjìká dé ìbàdí, ọṣẹ kankan ò bọ́ ọ. Nígbà òjò, awọ tó tutù kò gbọdọ̀ bá kámẹ́rà sùn nínú àpò kan náà. Ebu á hù lára awọ, kò sì ní pẹ́ dé inú lẹ́ńsì.

Kíjìpá ni tèmi báyìí. Ìyá ìyá mi fi ọ̀kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ hun l'Èkìtì níbí. Mo gé díẹ̀ níbẹ̀, télọ̀ ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́ta, ó sì rán náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì kó lè wọ òrùka. Mo dúró tì í. Mo ní kó rán an ní onígun mẹ́rin, kó tún fa ìlà méjì kọjá láàárín rẹ̀. Ó ní ṣé màlúù ni mo fẹ́ fi so ni. Kíjìpá ń mu òógùn, kì í yọ̀ léjìká, mo sì ń fọ̀ ọ́ bí aṣọ.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan ra okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó rẹwà, ó sì ń bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ jiyàn. Ọ̀rá omi kan jẹ́ 50cl, ìdajì kílò nìyẹn. Mo kó méjì sínú àpò kékeré kan, mo so okùn rẹ̀ mọ́ ọn, mo ní kó gbé e kọ́rùn, kó bá mi ra ata lọ́jà, kó má gbé e sọ́wọ́. Ó tó wákàtí méjì kó tó dé. Okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Mo ṣí àpò wò. Ọ̀rá omi kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ó ní òùngbẹ ló gbẹ òun.