Mo Bá Ṣílè ní Nairobi

Títí dòní, bí màmá mi bá fẹ́ pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣílè kan ló máa pè é. Náírà dé ní 1973, ẹnu màmá ò bá a dé. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìgbà tí mo gúnlẹ̀ sí Nairobi, tí ọmọ tó ń ta omi sọ pé ṣílè 50 ni. Ẹ̀rín pa mí. Mo pè wọ́n nílé: “Ẹ wá wo ibi tí ṣílè yín sá sí o!”

Dọ́là ni mo gbé lọ. Inú tòbí tí ẹ̀gbọ́n mi rán ni mo kó o sí, mi ò sì lè jókòó dáadáa nínú ọkọ̀ òfuurufú. Níbi tí mo ti fẹ́ ṣẹ́ ẹ, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ń na ọ̀kọ̀ọ̀kan síná, ó ń fi èékánná ha á. Ó ti méjì padà sí mi. Ọ̀kan ní òǹtẹ̀ kékeré létí. Èkejì, 2003 ni wọ́n kọ sí i lára, ó ní ó ti gbó. Owó Amẹ́ríkà gbó! Náírà inú póòsì mi ńkọ́? Kò tiẹ̀ wojú ẹ̀.

Ẹni tó gbà mí sílé ló mú mi lọ ra síìmù. Wọ́n fi páásìpọ́ọ̀tù mi forúkọ sílẹ̀, wọ́n ṣí M-Pesa fún mi. Pesa, owó ni lédè Swahili; láti 2007 ni wọ́n ti ń lo M-Pesa ní Kenya. Ó fẹ́ jọ àwọn oníPOS tiwa, àmọ́ fóònù gan-an ni àpò owó. Mo kó ṣílè 5,000 fún obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Wọn kì í gba nǹkan kan lórí owó téèyàn fi sí i. Tó bá ń gbà á jáde, wọ́n máa ń yọ tiwọn.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń dín mandazi lẹ́bàá títì ni ẹnu ti yà mí. (Àbúrò puff-puff ni mandazi, àmọ́ onígun mẹ́ta ni.) Ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, òróró ń hó. Ó fi àgbọ̀n júwe nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára pákó. Mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù tó gbé ti agolo òróró dún, ó yíjú wò ó, ó fi ṣíbí kó ẹyọ mẹ́rin sínú bébà fún mi. Kò fọwọ́ kan owó, kò wá ṣéńjì. Mo rántí gbogbo ìjà ṣéńjì tí mo ti bá kọ̀ńdọ́ jà ní Ìwó Road. Kọ̀ńdọ́ matatu, ìyẹn dánfó tiwọn níbẹ̀, ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ní tiwọn o, ẹ tọ́jú 50 àti 100.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Orúkọ ẹni tówó lọ bá máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ tó ń wọlé sórí fóònù, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe onítakisí mi ló gba ṣílè 300 náà. Mo pe ọkùnrin náà. “Pole, mama,” ó ní kí n pẹ̀lẹ́. Kò pẹ́, 200 padà wọlé. Mo tún pè é. Ó ní òun ti fi 100 yòókù jẹun àárọ̀, òun rò pé Ọlọ́run ló fi ránṣẹ́.